Orúkọ Tí Kò Ní Oúnjẹ Nínú

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọkùnrin náà bí òun fúnra rẹ̀ ṣe fẹ́ kí a máa kí òun: Dottore Ottavio Brambati, àgbà nínú àwọn tó ń ta táìlì ilé ìwẹ̀ ní Cremona. Oríkì tí àwa tí a jọ ń gbé ilé fi kún un nìyí: ọkọ àwo, àna ṣíbí, ẹni tó gbọ́ òórùn ọbẹ̀ kí iná tó ràn.

Dottore ni a fi ń pe ẹni tó bá jáde ní yunifásítì. Ottavio náà jáde níbẹ̀. Ó gbé táìlì lọ síbẹ̀ lọ́dún kan, ó já a sílẹ̀, ó jáde. Àmọ́ ibẹ̀ kọ́ ló ti gba oyè. Ọkùnrin kan tó ń bá èèyàn ṣọ́ ọkọ̀ ní Napoli ló wí fún un pé, "Dottore, ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ fún mi." Gbogbo ẹni tó bá ti ní táyà mẹ́rin ni ọkùnrin yẹn ń pè bẹ́ẹ̀. Ottavio padà délé, ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ sára idẹ, ó kàn án mọ́ ilẹ̀kùn. Lójoojúmọ́ tí a bá ń gbé ilẹ̀ lọ dànù, a máa ń kà á.

Ó ní ìyàwó, Nunzia, ará Calabria, lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ ti ń tán lọ sínú òkun. Wọ́n bí ọmọbìnrin kan, ó pé ọdún mẹ́rin. Domitilla ni wọ́n sọ ọ́, nítorí Domitilla ni ìyá Nunzia ń jẹ́. Àwọn ará Calabria kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣeré. Ìyá àgbà tí a bá fi orúkọ rẹ̀ sọ ọmọ fẹ́ gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu ọmọ. Kì í ṣe lórí fóònù. Ó fẹ́ kí ọmọ dúró níwájú òun kí ó ní, "Èmi ni Domitilla," kí òun náà dáhùn pé, "Èmi náà ni." Ìyá ní bí èyí bá ti ṣẹlẹ̀, òun lè kú nígbà tó bá wu òun.

Ó ti ń dúró láti ọdún mẹ́rin. Ottavio ní epo ọkọ̀ wọ́n.

Ìyá pé ọgọ́rin ọdún, Ottavio kò lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá lójú, kò lọ. Nígbà tó di ìparí oṣù kẹta, ìyá fi sọ́séèjì aláta ránṣẹ́ sí wọn, ó fi ìwé ìròyìn ìlú rẹ̀ dì í. Ottavio jẹ sọ́séèjì náà tán. Nígbà tó rí i pé epo ṣì wà lára ìwé, ó tún ìwé náà gbé. Bó ṣe di pé ó kà á nìyẹn. Ó kà á tán, ó fi àlùmọ́gàjí gé ibì kan níbẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú àpò owó rẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ó ní, "Nunzia, ó yẹ kí a lọ kí ìyá."

Nunzia gbé àwo tó ń fọ̀ sílẹ̀. "Ta ló kú?" ó bèèrè.

Láti Cremona dé Calabria, ìrìn ọjọ́ kan ni fún ẹni tó bá tètè jí. Ottavio ní ọjọ́ mẹ́wàá ni àwọn máa lò. Ó já kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri ilé ìdáná. Lórí kàlẹ́ńdà wa, ẹni mímọ́ kan wà lábẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni mímọ́ tirẹ̀, tí wọ́n máa ń se oúnjẹ fún ní gbangba lọ́jọ́ ọdún rẹ̀, pàápàá ní oṣù kẹjọ, nígbà tí ilé iṣẹ́ bá tì tí ikùn bá ṣí. Ọmọ tó bá ń jẹ́ orúkọ ẹni mímọ́ náà ni àlejò pàtàkì wọn. Ottavio fi bírò pupa yí márùn-ún nínú àwọn ọjọ́ náà po, ó sì fa ọ̀nà láti orí ọ̀kan dé orí èkejì.

Àwọn baba wa sọ pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òótọ́ ni. Ilé ìdáná ni Ottavio ń wò.

Ọjọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ni wọ́n gbéra. Wọ́n ti gbogbo fèrèsé ọkọ̀ pa, nítorí kò sí ẹni tí kò mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tó bá fẹ́ sí èèyàn lọ́rùn ló ń pa á. Ooru inú ọkọ̀ tó ohun tí a fi í dín ẹyin. Ọmọ jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́ tó ní orí pẹ́pẹ́yẹ ní ìbàdí. Nunzia ló rà á fún un. Ó ti ṣèlérí òkun fún un, ọmọ náà sì ti búra pé òun kò ní bọ́ pẹ́pẹ́yẹ sílẹ̀ títí tí àwọn méjèèjì yóò fi wọ omi.

"Ìyá, ṣé òkun ti dé?"

"Ó kù díẹ̀."

Wọn ò tíì kúrò ní ẹnu ibodè Cremona.

Ìlú kékeré kan lórí òkè, lẹ́bàá Arezzo, ni wọ́n kọ́kọ́ yà sí. Ọjọ́ ọdún Donato mímọ́ ni. Àwọn obìnrin ìlú wà lábẹ́ àgọ́, wọ́n ń fi ọ̀bẹ la ẹlẹ́dẹ̀ odidi tí wọ́n ti fi ewé olóòórùn kún inú rẹ̀ kí wọ́n tó sun ún. Ottavio gbé ọmọ, ó gbé e ka orí tábìlì wọn tòun ti pẹ́pẹ́yẹ. Ó mí kanlẹ̀.

"Ẹ̀yin ìyá mi," ó ní, "láti ọ̀nà jíjìn la ti ń bọ̀. Ẹni mímọ́ yín la fi sọ ọmọ yìí."

"Ọlọ́run mi. Donata ló ń jẹ́?"

"Láti inú oyún ló ti ń jẹ́ ẹ."

"Domitilla ni mí," ọmọ náà sọ.

"Oorun ń kùn ún," Ottavio sọ.

Wọ́n gbé ẹran wá. Wọ́n gbé búrẹ́dì wá. Wọ́n gbé ẹ̀wà tí wọ́n fi epo ólífì sè wá. Wọ́n sì dúró yí tábìlì ká, nítorí ohun tí a bá fún olórúkọ, olórúkọ ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọ́ ọ wò níṣojú ẹni tó fún un. Ọmọ tọ́ gbogbo rẹ̀ wò. Bàbá rẹ̀ bá a parí èyí tó kù. Ó kó ìyẹn tí kò ṣeé parí sínú ike márùn-ún tó ti gbé dání láti ilé.

Nínú ọkọ̀, Nunzia nu ẹnu ọmọ. Lẹ́yìn náà, ó ní, "Bàbá Domitilla, ọmọ náà ní orúkọ."

"Ta ló ní kò ní? Orúkọ dà bí aṣọ. Èèyàn kì í fi aṣọ kan ṣoṣo jáde lọ fún ọjọ́ mẹ́wàá."

"Ìyá mi ló fún un ní aṣọ yẹn."

"A ó wọ̀ ọ́ fún un tí a bá dé ọ̀dọ̀ ìyá. Kí ó má baà dọ̀tí lójú ọ̀nà ni."

Lọ́jọ́ kejì, òkun yọ sí wọn lápá ọ̀tún. Ọmọ náà rí i kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ọkọ̀ kò tíì dúró tó ti bẹ́ sílẹ̀, tó ń sáré lọ lórí iyanrìn, tí orí pẹ́pẹ́yẹ ń mì síwá sẹ́yìn. Ottavio sáré tẹ̀ lé e, ó gbá a lọ́rùn aṣọ mú.

"Kí lo jẹ láàárọ̀?"

"Ẹran Donata."

"Wákàtí mẹ́ta."

Ẹ má rò pé ìkà ló ṣe. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo wa la wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá fi oúnjẹ sínú wọ inú omi, ikùn rẹ̀ á dúró gbagidi, á sì rì bí òkúta. Wákàtí mẹ́ta fún ẹran, méjì fún búrẹ́dì, ọ̀kan fún èso tí a bá bó èèpo rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí rí, àmọ́ ìyá àgbà oníkálukú mọ̀ ọ́n. Gbogbo etíkun wa láti òkè dé ìsàlẹ̀ kún fún ọmọdé tó jókòó ti omi, tó ń wo aago ọwọ́ bàbá rẹ̀.

Ọmọ náà jókòó. Ní wákàtí kejì ààbọ̀, ebi pa Ottavio, ó ṣí ike. Kò sì dáa kí bàbá máa jẹun kí ọmọ máa wò ó.

"Wákàtí mẹ́ta," ó ní, ó ń nu ẹnu.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lọ. Òkun wà lọ́tùn-ún wọn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, àgọ́ tí wọ́n ń sùn sí kò ju ìwọ̀n ìsọ̀kò kan lọ sí omi, ọmọ náà kò sì fi àtàǹpàkò ẹsẹ̀ kan bọ inú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kẹwàá oṣù náà, wọ́n yà sí abúlé apẹja kan. Ọmọ di Lorenza. Wọ́n fún un ní ẹja dídín ẹ̀kún ewé mẹ́ta àti odidi bàrà olómi kan. Nunzia gbàgbé ara rẹ̀ láàárín àwọn èèyàn, ó pe ọkọ rẹ̀: "Bàbá Domitilla, ẹ wá bá mi gbé bàrà yìí."

Ottavio rẹ́rìn-ín sí àwọn apẹja, ó fún ìyàwó rẹ̀ léèékánná lápá. "Bàbá Lorenza," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Bàbá Lorenza ni mí títí di ọ̀la."

Nígbà tó dọ̀la, ó di Bàbá Chiara. Àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ kan ló gbà wọ́n lálejò, wọ́n fún ọmọ ní kéèkì álímọ́ńdì tí wọn kì í fi fún ẹnikẹ́ni bí kò ṣe bíṣọ́ọ̀bù. Ottavio dá a mọ̀. Ó ní òun ti ń gbọ́ nípa kéèkì náà tipẹ́. Ó jẹ ti bíṣọ́ọ̀bù náà mọ́ ọn.

Ọmọ ti mọ iṣẹ́ wàyí. Nígbà tó di ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, tí gbogbo orílẹ̀-èdè wà ní ìsinmi, tí wọ́n ń wọ ìlú kan ní ìsàlẹ̀ Salerno, òun ló kọ́kọ́ bèèrè láti ẹ̀yìn ọkọ̀.

"Bàbá, ta ni mí lónìí?"

"Assunta."

"Kí ni Assunta máa ń jẹ?"

"Màkàrónì inú ààrò, tí wọ́n fi wàràkàṣì bò."

Ọmọ náà ronú. "Wákàtí mélòó nìyẹn?"

"Mẹ́ta. Bóyá mẹ́ta ààbọ̀, nítorí wàràkàṣì."

Ó gbé orí lé orí pẹ́pẹ́yẹ.

Nígbà tí wọ́n kúrò níbẹ̀, wọ́n dúró ra epo. Ottavio sùn lọ lórí ìjókòó, ó gbé ọwọ́ lé màkàrónì Assunta nínú ikùn. Nunzia yọ àpò owó ọkọ rẹ̀ láti sanwó epo, ìwé ìròyìn tí wọ́n gé sì yọ jáde. Òórùn sọ́séèjì ìyá rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ó kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ epo:

"Petrazza. Ọdún kẹfà rèé tí a kò rí ọmọdé kan tó ń jẹ́ Rocco tàbí Rocca láti jókòó níwájú ẹni mímọ́ lọ́jọ́ ọdún rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ti ṣí lọ sí àríwá. Itan ẹlẹ́dẹ̀ tí alápatà ìlú máa ń fi iyọ̀ pa lọ́dọọdún fún ọmọ náà ṣì wà lórí ìwọ́ ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ti di mẹ́fà."

Nunzia mọ Petrazza. Orí òkè ló wà, Vallescura tí wọ́n bí òun sí sì wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, létí òkun. Ẹni tó bá da omi ìfọwọ́ nù ní Petrazza, orí àwọn ará Vallescura ló ń dà á sí. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà yìí ló wá yé e.

Ìyá pé ọgọ́rin ọdún, ọkọ rẹ̀ kò lọ. Itan ẹlẹ́dẹ̀ pé mẹ́fà, ó múra.

Ó dá ìwé náà padà sí ibi tó wà. Ó san owó epo. Ó rìn lọ sẹ́yìn ilé epo, ó pe ìyá rẹ̀.

"Ìyá, ẹ lè gòkè wá sí Petrazza lọ́la?"

"Kí ni mo fẹ́ lọ ṣe ní Petrazza? Àwọn tí kò mọ ata lò."

"Ọmọ yín máa wà níbẹ̀. Àmọ́ orúkọ yín kọ́ ló máa jẹ́."

Nunzia gbọ́ bí ìyá ṣe ń wọ́ àga nílẹ̀. 

"Agogo mélòó?" ìyá bèèrè.

Nígbà tí Ottavio jí, ó rí i pé ojú ìyàwó rẹ̀ tutù. Ó rò pé ìrìn àjò ló ń dùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún, ọjọ́ Rocco mímọ́. Àrùn ni wọ́n máa ń bẹ Rocco sí. Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ pẹ̀lú egbò lórí itan, ó ká aṣọ sókè kí a lè rí i, ajá kan sì dúró tì í, ó gbé búrẹ́dì sẹ́nu. Ọ̀kánjúwà ni bàbá àrùn, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. A ò mọ̀ bóyá Rocco ń wo ìyẹn náà.

Ẹni tó ń darí ọdún ni Mastro Mico, alápatà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ní ọwọ́ bí ọkọ́. Ottavio bá a lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì.

"Mo gbọ́ pé ẹ ń wá ọmọ," ó ní. Ó ti ọmọ àti pẹ́pẹ́yẹ síwájú. "Rocca Brambati."

Mastro Mico ṣí fìlà. Omi lé sí i lójú. "Láti àríwá?"

"Orúkọ yìí kò jáde nínú ìdílé wa rí. Bàbá bàbá mi, Rocco. Bàbá mi, Rocco. Èmi fúnra mi, Ottavio Rocco. Dottore Ottavio Rocco."

"Ẹ̀yin náà?" Mastro Mico mú ìwé kékeré kan jáde, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wo Ottavio láti orí dé ẹsẹ̀. "Ó ti pẹ́ tí a ti rí àgbà Rocco tí eegun rẹ̀ le. Bàtà nọ́mbà mélòó lẹ ń wọ̀?"

"Méjìlélógójì. Èé ṣe?"

"Kò sí nǹkan. Mo kàn bèèrè ni."

Ó mú wọn lọ sẹ́yìn. Itan mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wà lórí ìwọ́, wọ́n tò tẹ̀ lé ọjọ́ orí. Èyí tó dàgbà jù ti dúdú bí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì. Ottavio kà wọ́n bí ẹni ń ka ọmọ rẹ̀ tó ti ogun bọ̀. Ó kà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì láti òdìkejì.

"Ohun kan ṣoṣo ló kù," Mastro Mico sọ. "Ọmọ fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ sọ orúkọ rẹ̀ níwájú ẹni mímọ́ àti níwájú ìlú. Àṣà wa nìyẹn."

"Á sọ ọ́ títí ẹ máa ní ó tó."

Gbogbo òwúrọ̀ ni Ottavio fi kọ́ ọmọ. "Bí o bá ti ní Rocca ni ẹ́, wọ́n máa fún ẹ lẹ́ran. Ẹran tó pọ̀. O gbọ́?" Ọmọ ní òun gbọ́. Níbí yìí ni ọgbọ́n Dottore ti jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ká ní òkun ló fi bẹ̀ ẹ́ ni, ọmọ náà ìbá jẹ́ orúkọ póòpù.

Agogo mọ́kànlá lù. Gbogbo ìlú wà ní gbàgede: àwọn onífèrè, àwọn tó ti Turin àti Jámánì wálé fún ọdún, ère Rocco lórí pákó tí wọ́n máa fi gbé e. Ajá tòótọ́ kan jókòó síwájú ère, Brigante lorúkọ rẹ̀, ó gbé búrẹ́dì odidi kan sẹ́nu. Lọ́dọọdún ló máa ń gbé e fún wákàtí méjì láìgé e jẹ. Ottavio ń wò ó. Ọ̀rọ̀ ajá náà kò yé e.

Ní iwájú pátápátá, ìyá arúgbó kan tó wọ aṣọ dúdú jókòó lórí àga ilé ìdáná tó gbé wá láti ilé. Ottavio kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló rí i rí, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tábìlì oúnjẹ ló sì ń wò lọ́jọ́ náà.

Àlùfáà, Don Saverio, gbé ọmọ sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, ó sún makirofóònù mọ́ ọn lẹ́nu. 

"Kí lorúkọ rẹ, ọmọ mi?"

Ọmọ náà wo makirofóònù. "Ṣé oúnjẹ wà níbẹ̀?"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ó wà, ọmọ mi," Don Saverio sọ. "Itan ẹlẹ́dẹ̀ mẹ́fà."

Ọmọ náà bojú wo ìsàlẹ̀ òkè. Òkun wà níbẹ̀, ó tẹ́jú, ó ń dán.

"Nígbà náà, n kò ní orúkọ lónìí."

Ottavio bọ́ síwájú pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ojú ló ń tì í. Rocca, sọ orúkọ rẹ fún Fádà."

"Bàbá, tí mo bá ní Rocca ni mí, wọ́n máa fún mi lẹ́ran. Tí mo bá jẹ ẹran, ẹ máa ní wákàtí mẹ́ta." Gbohùngbohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó wà ní igun gbàgede gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìlú kejì. "Nígbà tí mo jẹ́ Donata, mo jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ẹ ní wákàtí mẹ́ta. Nígbà tí mo jẹ́ Lorenza, mo jẹ ẹja, ẹ ní wákàtí mẹ́ta. Ti Chiara, kéèkì, wákàtí méjì, ẹ̀yin lẹ jẹ èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Assunta, màkàrónì, mẹ́ta ààbọ̀." Ó ti fi ìka ka gbogbo rẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè kí Don Saverio lè rí i. "Fádà, mi ò fẹ́ jẹun mọ́. Ẹ fún mi ní orúkọ tí kò ní oúnjẹ nínú."

Ọ̀kan nínú àwọn onífèrè fọn ohun tí kò sí nínú orin. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń bọ̀ níwájú bí òjò lórí páànù. Àwọn obìnrin tó ti Jámánì wálé ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ọkọ wọn, àwọn náà sì ń rẹ́rìn-ín tẹ̀ lé e.

Ìyá aláṣọ dúdú dìde. Ẹ̀rín dákẹ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọdé," ó ní, "ṣé kò sí ọ̀kankan nínú orúkọ rẹ tí wọn kò tíì fún ẹ lóúnjẹ sí?"

Ọmọ náà ronú. "Ó wà. Domitilla."

"Sọ ọ́ dáadáa."

"Èmi ni Domitilla."

Ìyá di ẹ̀yìn àga rẹ̀ mú. "Èmi náà ni," ó ní.

Nunzia yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan. Mastro Mico ṣí fìlà lẹ́ẹ̀kejì lọ́jọ́ náà. Kódà Brigante sún búrẹ́dì rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu kejì.

"Ẹ̀yin èèyàn mi," Ottavio bẹ̀rẹ̀, "àwàdà ìdílé lásán..."

"Ọmọ ti ní orúkọ tirẹ̀, kò sí ẹjọ́," Mastro Mico sọ. Ó mú ìwé kékeré rẹ̀ jáde, ó kà á sókè. "Ṣùgbọ́n àgbà kan wà níbí tó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Dottore Ottavio Rocco. Ọmọdé Rocco ló ni ẹran. Àgbà Rocco ló ni àbẹ́là."

Wọ́n gbé àbẹ́là náà jáde. Ọkùnrin méjì ló gbé e. Ó ga ju Ottavio lọ, ó sì sanra bí ọwọ̀n. Wọ́n ní orí òkè ni wọ́n ń gbé e lọ, sí ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́, láìwọ bàtà, pẹ̀lú ṣòkòtò tí a ká dé itan lẹ́sẹ̀ kan, bíi ti ẹni mímọ́.

Ó ku ọ̀nà méjì fún Ottavio: kí ó sọ níwájú ère pé òun purọ́, tàbí kí ó bọ́ bàtà. Ó wo ìyàwó rẹ̀.

"Nunzia, sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni, Bàbá Rocca?"

Ó bọ́ bàtà. Mastro Mico gbà á, ó ní kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, òun á bá a tọ́jú nọ́mbà méjìlélógójì náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ó lé e bá. Irọ́ ti Ottavio kò tiẹ̀ lo ju ọjọ́ mẹ́wàá lọ, òtítọ́ kò sì nílò láti sáré. Ó jókòó sẹ́yìn ọkọ̀ kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ó wọ pẹ́pẹ́yẹ.

Gbogbo Petrazza tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Òkúta ọ̀nà náà gbóná bí agbada. Itan Ottavio funfun bí wàràkàṣì tuntun, àwọn ìyá arúgbó sì ń wò ó tàánútàánú, wọ́n ń wá egbò níbẹ̀. "Dottore, ẹ rọra," wọ́n ń wí. "Dottore, ẹsẹ̀ òsì ló kàn." Brigante ń rìn níwájú rẹ̀. Ní gbogbo igun, ó máa ń dúró, ó máa ń bojú wẹ̀yìn wò ó pẹ̀lú búrẹ́dì odidi lẹ́nu, lẹ́yìn náà á tún máa lọ.

Ní orí òkè, wọ́n sọ itan tó dàgbà jù kalẹ̀, wọ́n fi kí àwọn tó gbé ère. Kálukú gba pẹlẹbẹ kan. Ottavio náà gba pẹlẹbẹ kan, tó fẹ́lẹ́ débi pé a lè ka ìwé ìròyìn láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jẹ ẹ́ ní dídúró.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Vallescura lẹ́sẹ̀ lásán, torí Mastro Mico ti lọ sí ilé rẹ̀ pẹ̀lú bàtà. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Ohun kan ṣoṣo ló ń rò: omi tútù. Ó dé etíkun, ó bá gbogbo ìlú níbẹ̀ lábẹ́ agbòjò. Nínú omi, ìyá arúgbó kan ká aṣọ dúdú dé orúnkún, pẹ́pẹ́yẹ rọ́bà kan sì ń lúwẹ̀ẹ́ yí i ká, pẹ̀lú ọmọdé nínú rẹ̀. Wọn kò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀, àwọn méjèèjì.

Ottavio sáré, ó ń tiro lórí iyanrìn tó ń jó o. Ó ku ẹsẹ̀ bàtà kan kó dé omi.

"Bàbá," ọmọ náà pè é. "Kí lẹ jẹ?"

Ottavio dúró. Gbogbo Vallescura gbé ojú sókè láti abẹ́ agbòjò wọn.

"Pẹlẹbẹ kan péré ni, Domitilla."

"Ẹran?"

Ottavio nu ẹnu. Ọmọ náà wo Domitilla àgbà. Domitilla àgbà mi orí, nítorí òfin ni òfin.

Ọmọ náà na ìka mẹ́ta sókè láti inú omi. Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin kan sún díẹ̀ lábẹ́ agbòjò rẹ̀, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí Dottore kí ó lè máa wò ó.